Bí Ẹlẹ́rù Ṣe Lè Gba Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Nígbà Tí Ẹrù Bá Sọnù ní Ilé Ìfìwéránṣẹ́

  

Ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ dúkìá tí ènìyàn fi lé ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì dé ibi tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ó ṣòro lónìí láti rí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ ní òkè òkun. Ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá wà ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wà ní Amẹ́ríkà, àbúrò ń kàwé ní Ìlọrin. Aṣọ, bàtà, ìwé kíkà, fóònù àti ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dé láyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í dé. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ó ti lọ nìyẹn, Ọlọ́hun yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀." Àdúrà dára, sùúrù sì ni ìwà onígbàgbọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n sùúrù yàtọ̀ sí àìmọ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí ó sì fi tinútinú yọ̀ǹda rẹ̀, ni ó ṣe àforíjì. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kankan kò yọ̀ǹda ohunkóhun. Ó kàn pàdánù ni.

Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ tí a ń fi ẹrù ránṣẹ́ gan-an ni a ti ń fi ìpìlẹ̀ owó gbà-má-bínú lélẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù náà sọnù. Ọ̀nà tí a yàn láti fi í ránṣẹ́, ìwé tí a gbà lọ́wọ́ akọ̀wé, àti òdodo tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹlẹ́rù nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

ORÍSUN Ẹ̀TỌ́ NÁÀ

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá, ọdún 1874, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Bern, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Àdéhùn yìí ni ó bí Universal Postal Union, tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí UPU. Láti ọdún 1948 ni ó ti wà lára àwọn àjọ tí ó so mọ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1961, nígbà tí òmìnira kò tíì pé ọdún kan. Orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà lónìí lé ní 190, ọjọ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ ìfìwéránṣẹ́ lọ́dọọdún.

Kí àdéhùn yìí tó dé, lẹ́tà tí yóò bá gba ilẹ̀ mẹ́ta kọjá ní láti tẹ̀ lé òfin ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ohun tí UPU ṣe ni pé ó sọ gbogbo àwọn ilẹ̀ náà di pápá kan ṣoṣo ní ti ọ̀ràn ìfìwéránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fi rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bí ẹrù bá sọnù láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, ẹlẹ́rù kò ní láti mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti sọnù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ tí a ti fi ẹrù náà ránṣẹ́ ni ojúṣe àtisanwó kọ́kọ́ já lé léjìká. Bí ó bá jẹ́ pé ìhà kejì ni ó jẹ̀bi, àwọn méjèèjì yóò yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Nítorí náà, akọ̀wé tí ó bá sọ fún ẹlẹ́rù pé, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti sọnù," kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ A LÈ FI Ẹ̀RÙ RÁNṢẸ́

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá sọnù ni owó wà fún. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà nínú ìlànà UPU, ó sì yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èkíní ni lẹ́tà lásán, tí a lẹ sítáǹbù mọ́, tí a sì jù sínú àpótí. Bí èyí bá sọnù, ìlànà UPU kò fi owó kankan sí i, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó wọlé, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó jáde.

Èkejì ni lẹ́tà rẹ́jísítà. Akọ̀wé yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò sì fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ní rìsíìtì. Bí ó bá sọnù, iye tí ìlànà UPU ti ń fi sí i láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn kì í ju 30 SDR lọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù tí a dì, tí a sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Iye tí ó ga jù lórí ẹrù kan ni 40 SDR, pẹ̀lú 4.50 SDR lórí kílò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a san owó ìdójútòfò lé lórí. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ yóò sọ iye tí ohun inú rẹ̀ tó, yóò sì san owó díẹ̀ lé owó ìfìránṣẹ́. Bí ó bá sọnù, iye tí ó dárúkọ ni ààlà ohun tí yóò gbà.

SDR tí a ń dárúkọ yìí kì í ṣe owó tí a ń ná lọ́jà. Owó ìṣirò ni, tí IMF ń lò, tí a sì fi dọ́là Amẹ́ríkà, owó euro, owó Ṣáínà, owó Jàpáànù àti pọ́n-ùn Bìrìtéènì gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. SDR kan máa ń ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó ni wọn yóò ṣírò rẹ̀ sí owó ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan là á yé ara ẹni. Bí Lágbájá bá fi ẹrù kílò 5 ránṣẹ́, tí ẹrù náà sì sọnù, 40 pẹ̀lú 22.50 yóò jẹ́ 62.50 SDR. Ṣùgbọ́n ààlà ni iye yìí, kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí ohun inú ẹrù náà kò bá ju 30 SDR lọ, 30 ni yóò gbà. Bí ó bá sì tó 300 SDR, tí kò san owó ìdójútòfò, 62.50 náà ni yóò gbà, yóò sì fi ara mọ́ ìyókù. Lẹ́yìn èyí, bí ẹrù bá sọnù pátápátá, owó tí a san láti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó san án, àyàfi owó rẹ́jísítà tàbí owó ìdójútòfò.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹrù kékeré tí kò ju kílò 2 lọ ni a lè fi ránṣẹ́ lọ́nà lẹ́tà, nítorí owó rẹ̀ kéré. Ó dà bí ẹrù lójú, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni lójú òfin. Bí a kò bá fi í ṣe rẹ́jísítà, ìlànà UPU kò fi owó sí i, àní bí fóònù olówó gọbọi tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó díẹ̀ tí a fi pamọ́ lórí kántà ni ó kó owó ńlá lọ.

Ọ̀nà EMS, tí a mọ̀ sí ọ̀nà kíákíá, ní ìlànà tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí mẹ́rin wọ̀nyí. Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kan sì lè san ju ohun tí UPU là sílẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò béèrè ìbéèrè kan kí ó tó sanwó: "Bí èyí bá sọnù, èló ni ẹ ó san?"

OHUN TÍ OWÓ GBÀ-MÁ-BÍNÚ KÒ KÀN

Ìlànà náà kò san owó lórí àǹfààní tí ènìyàn pàdánù. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì ní òkè òkun, tí ìwé náà sọnù, tí àyè tí wọ́n fẹ́ fún un sì bọ́, kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí yóò san owó àyè náà. 30 SDR ni ó pọ̀ jù lórí àpòòwé rẹ́jísítà yẹn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́. Ohun tí owó kò lè rà padà, kò yẹ kí á fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà tí a bura sí tàbí tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí bá ti tó. Bí ó bá sì di dandan kí ojúlówó lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ kedere ṣẹ́ kù sílé.

Owó bébà, owó ẹyọ, wúrà, fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye kò gbọdọ̀ wà nínú lẹ́tà tí a kò san owó ìdójútòfò lé lórí. Àṣà àtijọ́ kan wà tí ènìyàn máa ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè sáàárín bébà lẹ́tà, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rú òfin, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró níwájú akọ̀wé.

Bákan náà, kò sí owó fún ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà lọ́nà òfin, tàbí ohun tí ó bàjẹ́ nítorí pé a kò dì í dáadáa, tàbí ohun tí ó ṣègbé nínú àjálù tí agbára ènìyàn kò ká.

LỌ́JỌ́ TÍ A BÁ Ń FI Ẹ̀RÙ RÁNṢẸ́

Ohun márùn-ún ni kí ẹlẹ́rù ṣe lọ́jọ́ yìí.

Àkọ́kọ́, kí ó kọ àdírẹ́sì ẹni tí yóò gbà á àti ti ara rẹ̀ ketekete, kí ó sì fi bébà kan tí àdírẹ́sì méjèèjì wà nínú rẹ̀ sínú ẹrù náà. Bí ti òde bá ya, ti inú yóò sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí ó ya fọ́tò ohun inú ẹrù náà kí ó tó dì í, kí ó sì tún ya òmíràn lẹ́yìn tí ó bá dì í tán.

Ẹ̀kẹta, kí ó tọ́jú rìsíìtì tí ó fi ra ohun náà lọ́jà. Iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń tà ní ibi tí a ti gba ẹrù náà, àti ní àkókò tí a gbà á, ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò.

Ẹ̀kẹrin, kí ó gba rìsíìtì ìfìránṣẹ́, kí ó sì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ ti UPU máa ń jẹ́ lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì tí ó dúró fún ilẹ̀ tí ẹrù ti wá: NG fún Nàìjíríà, GB fún Bìrìtéènì, US fún Amẹ́ríkà. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ R, rẹ́jísítà ni. Bí ó bá jẹ́ C, ẹrù ni. Bí ó bá jẹ́ V, ó ní ìdójútòfò. Bí ó bá jẹ́ E, EMS ni. Ẹni tí ó sanwó rẹ́jísítà tí kò rí R lórí rìsíìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí kántà láìbéèrè. Ní Bìrìtéènì, àní lórí lẹ́tà lásán pàápàá, ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń fún ẹni tí ó bá béèrè ní ìwé ẹ̀rí ìfìránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkarùn-ún ni ó wúwo jù: kí ó kọ òdodo sínú fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn kan máa ń rà aṣọ ní 200 pọ́n-ùn, wọ́n a sì kọ 10 pọ́n-ùn sílẹ̀, kí ẹni tí yóò gbà á má baà san owó ibodè. Bí ẹrù náà bá sọnù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò padà wá sọ pé 200 ni. Èwo ni kí akọ̀wé gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí tí yóò tako òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dá iye ìdójútòfò sókè ju iye ohun inú ẹrù lọ láti fi rẹ́ni jẹ: ìlànà UPU sọ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ohunkóhun mọ́.

LỌ́JỌ́ TÍ A BÁ Ń WÁ Ẹ̀RÙ

Ìlànà UPU fún ẹlẹ́rù ní oṣù mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí ó fi ẹrù ránṣẹ́, láti béèrè ibi tí ó wà. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìsí ìbéèrè kankan, ẹ̀tọ́ náà ti lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ìbéèrè yìí ni CN 08, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá béèrè lọ́nà tí ó wọ́pọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ ìbéèrè nítorí pé ilẹ̀ mìíràn ni a ti fi ẹrù náà ránṣẹ́. Nítorí náà, ìyá tí ó wà ní Òṣogbo lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni ẹrù rẹ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n kí á fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tí ó lè béèrè àti ẹni tí yóò gba owó. Ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ ni ó ni owó gbà-má-bínú. Bí ó bá fẹ́ kí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí gbà á, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi oṣù púpọ̀ ṣòfò nítorí pé ìyá rò pé ọmọ ti béèrè, ọmọ sì rò pé ìyá ni yóò béèrè.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ní gbèdéke tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà wọn. Ní Bìrìtéènì, Royal Mail ń retí kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ sọnù béèrè owó rẹ̀ láàárín ọjọ́ 80 sí ọjọ́ tí a fi í ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 60 ni USPS fi sílẹ̀ fún ẹrù abẹ́lé tí ó ní ìdójútòfò, wọn kì í sì í gba ìbéèrè lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọnù kí ọjọ́ 15 tó pé. Nítorí náà, kí ẹlẹ́rù má ṣe fi ìlànà oṣù mẹ́fà tan ara rẹ̀. Kí ó béèrè gbèdéke ilẹ̀ tí ó wà, kí ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì rẹ̀.

Bí ẹrù bá dé ṣùgbọ́n tí ó ti ya, tàbí tí ó fúyẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ẹni tí yóò gbà á má ṣe fọwọ́ sí ìwé kí ó sì gbé e lọ sílé. Ojú kántà ni kí ó ti sọ ọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tú u níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní kété tí a bá ti gba ẹrù láìsọ ohunkóhun, ojúṣe ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ń parí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ilé ni ó ti tú u tí ó rí i pé wọ́n ti jí nínú rẹ̀, kí ó padà lọ láìjáfara, kí ó sì mú páálì àti ohun tí a fi dì í dání, nítorí òun ni yóò fi hàn pé kì í ṣe ilé òun ni ó ti sọnù.

KÚRÍÀ, KÁGÒ ÀTI ỌKỌ̀ AKÉRÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí kì í gba ọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá mọ́. Kúríà ni wọ́n ń lò, tàbí àwọn tí ń kó kágò láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ìlànà UPU kò kan àwọn wọ̀nyí. Àdéhùn tí ó wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fún ẹlẹ́rù ni yóò ṣe ìdájọ́, ó sì yẹ kí á kà á kí á tó fọwọ́ sí i.

Fún ẹrù tí a gbé lórí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, àdéhùn mìíràn wà tí a ṣe ní ìlú Montreal ní ọdún 1999, tí Nàìjíríà àti Bìrìtéènì wà nínú rẹ̀. Ó fi ààlà sí iye tí ọkọ̀ òfuurufú yóò san lórí kágò: 17 SDR lórí kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di 19 ní ìparí ọdún 2009, ó di 22 ní ìparí ọdún 2019, ó sì di 26 ní ìparí ọdún 2024. Bí kágò bá bàjẹ́, ọjọ́ 14 ni ẹni tí ó gbà á ní láti fi kọ̀wé ẹ̀sùn. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, ọjọ́ 21. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ sí kóòtù kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọdún 2 kọjá.

Ní ti ẹrù tí a fi rán awakọ̀ láti gáréèjì kan sí òmíràn, bí kò bá sí wébìlì, kò sí ẹ̀rí. Kí á gba orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé ẹgbẹ́ awakọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò dí ìwé kíkọ lọ́wọ́.

BÍ WỌN KÒ BÁ DÁHÙN

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹni tí ó lọ pariwo mọ́ akọ̀wé ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó lórí kántà kò tíì bá ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, kí ó kọ ọjọ́ ìfìránṣẹ́, nọ́ńbà ẹrù, ohun inú rẹ̀, iye rẹ̀ àti ohun tí ó ń béèrè. Kí ó so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, kí ó má ṣe fi ojúlówó sílẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Ní Nàìjíríà, bí ìdáhùn kò bá wá, SERVICOM wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 nítorí bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣe sí ará ìlú. Public Complaints Commission pẹ̀lú wà láti ọdún 1975, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ olùfisùn. Fún kúríà àti àwọn oníṣòwò mìíràn, FCCPC ni àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà lé lọ́wọ́. Kúríà tí ó bá sì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NIPOST, nítorí náà ibi tí a ti lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wà. Bí kúríà bá ti gbà nínú ìwé pé òun yóò san iye kan, tí ó wá kọ̀ láti san án, gbèsè ni ó dà. Ní Èkó, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 wà fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀ tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹlẹ́rù lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìní lọ́yà.

KÍ ẸLẸ́RÙ NÁÀ JẸ́ OLÓÒTỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù. Láti ayébáyé ni wọ́n ti jíròrò lórí oníṣẹ́ tí ń gba ẹrù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, bí alágbàfọ̀ àti aránṣọ: bí ẹrù bá ṣègbé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé yóò san án? Abu Hanifa ka ẹrù náà sí àmánà, tí oníṣẹ́ kò ní san bí kò bá jẹ́ pé òun ni ó fa òfò náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjèèjì, Abu Yusuf àti Muhammad ọmọ al-Hasan, sọ pé yóò san án, àyàfi bí ó bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣọ́ra fún, bí iná ńlá. Àwọn onímọ̀ Maliki, tí ọ̀nà wọn gbilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, náà fi ìsanpadà lé oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́rùn, kí dúkìá ará ìlú má baà máa ṣègbé lásán. Nítorí náà, ẹni tí ó gba owó ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbowó láti gbé e kò ṣe ojúkòkòrò. Ní ti ìdójútòfò tí a rà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ tí ó sún mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni ẹ̀tọ́. Ẹni tí fóònù àlòkù rẹ̀ sọnù kò gbọdọ̀ béèrè owó tuntun. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti dé kò gbọdọ̀ sọ pé kò dé nítorí pé akọ̀wé gbàgbé láti gba ìbuwọ́lù rẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé a rí ẹrù náà lẹ́yìn tí a ti sanwó, ìlànà UPU là á sílẹ̀ pé wọn yóò fi tó ẹlẹ́rù létí, ó sì ní oṣù mẹ́ta láti gba ẹrù rẹ̀ kí ó sì dá owó padà. Kò lè mú ẹrù kí ó sì mú owó. Irú irọ́ wọ̀nyí ni ó mú kí akọ̀wé máa fi ojú ọ̀daràn wo ẹni tí ó ń sọ òdodo. Owó tí onírọ́ gbà lónìí, olóòótọ́ ni yóò fi ìyà rẹ̀ jẹ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ní iléeṣẹ́ kúríà, àti àwọn tí ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri ìgboro. Páálì tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín lè jẹ́ oògùn aláìsàn, ó lè jẹ́ ìwé tí ọmọ òtòṣì fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́. SDR 30 kò lè tún ayé ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe. Owó gbà-má-bínú kì í ṣe ẹ̀rọ̀pò àmánà. Ohun tí ó kù fún ẹlẹ́rù ni lẹ́yìn tí àmánà ti já.

Kí olúkúlùkù lọ wo inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ nílé lónìí. Bí rìsíìtì ẹrù kan tí kò tíì dé bá wà níbẹ̀, kí ó ka ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà kò bá tíì pé, àyè ṣì lè wà. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo dúkìá gbogbo Mùsùlùmí, kí Ó sì fún wọn ní òdodo nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀tọ́ àti nígbà tí wọ́n bá ń fún ni ní ẹ̀tọ́. Àmín.